Ẹnì Kan Ṣoṣo Ni Kò Wọ Bàtà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n máa pè lọ́la pé kí ẹ wá tọ́ka sí olè.

1. Àǹtí Fàósátù tó ń ta iná ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ máa ń fọ́nnu pé òun kì í gbàgbé ojú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan yọ ọ̀bẹ sí i ní ṣọ́ọ̀bù, ó já báàgì rẹ̀ gbà. Ká má purọ́, ọ̀bẹ ni Àǹtí ń wò. Ta ló ń wo imú nígbà tí ọ̀bẹ wà lọ́rùn?

2. Lọ́jọ́ kẹta, Sájẹ́ǹtì Theophilus na fóònù sí i.

"Màdáàmù, ṣé ẹni tẹ́ ẹ rí nìyí?"

Fọ́tò Ọ̀ṣẹ́nì ni, ọkùnrin tó ń kun ọkọ̀ ní Pápá Àjàó, tí àwọn ọlọ́pàá kó lójú títì lánàá.

"Ó jọ ọ́ o."

"Jíjọ ò tó. Ẹ wò ó dáadáa."

Àǹtí wò ó, ó tún un wò, títí ojú Ọ̀ṣẹ́nì fi rọ́pò ojú olè lọ́kàn rẹ̀.

3. Lọ́jọ́ kejì tó wo fọ́tò yẹn, wọ́n to ọkùnrin mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ní àgọ́. Ọlọ́pàá tó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù ni márùn-ún, ikùn wọn yọ síwájú, bàtà wọn ń dán. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò wọ bàtà, ètè rẹ̀ wú, ó ń gbọ̀n. Ọmọ ọdún méjì gan-an á mọ ẹni tí wọ́n ń wá!

"Àǹtí mi, ẹ wò mí dáadáa," Ọ̀ṣẹ́nì ń sunkún. "Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni o!"

Àǹtí wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò dá a lójú. Ṣùgbọ́n ṣé òun náà, tí kì í gbàgbé ojú, á wá sọ pé òun ò mọ̀?

"Wàláì, òun ni!"

"Ẹ ṣeun, màdáàmù! Òun gan-an la mú."

Láti ìgbà yẹn ló ti wá dá a lójú ṣáká. Ẹ ò rí ayé!

4. Ọdún méjì ni Ọ̀ṣẹ́nì fi jókòó sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú. Ìgbà tí wọ́n mú olè kan ní Sábó, tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ló já báàgì Àǹtí gbà, ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Olè náà kò fi èékánná pàápàá jọ Ọ̀ṣẹ́nì.

Àǹtí lọ tọrọ àforíjì. Lateefat, ìyàwó Ọ̀ṣẹ́nì, ló ṣílẹ̀kùn.

"Kì í jáde mọ́, mà. Tí wọ́n bá ti kanlẹ̀kùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí."

"Ọ̀ṣẹ́nì, èmi ni o..."

Ohùn kan dáhùn láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì: "Kì í ṣe èmi o! Kì í ṣe èmi!"

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ọlọ́pàá bá fi fọ́tò ẹnì kan ṣoṣo hàn yín, ẹ kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá to èèyàn, ẹ ní kí wọ́n to àwọn tó jọra, kí ọlọ́pàá tí kò mọ ẹni tí wọ́n fura sí sì dúró tì yín. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ sọ pé, "Mi ò mọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé.