Wáyà Eyín Dùnmínínú

Ẹ̀yin ọmọ mi inú fóònù, ẹ sún mọ́ mi, mo ní ẹjọ́ eyín lọ́wọ́.

Wáyà tí wọ́n fi ń to eyín Dùnmínínú, ọmọ-ọmọ mi, tún ti já.

Ó ń gún un lẹ́nu. Kò lè jẹ iyán mi.

"Ṣé egungun lo tún rún? Àbí ajá ni ẹ́ ni?" Ayọ̀rìndé, bàbá rẹ̀, ń jágbe. "Dìde, ká padà sọ́dọ̀ dókítà eyín ní Fájuyì!"

Mo fa ọmọ náà mọ́ra, mo bú sórin tí mo fi ń rẹ ìyá rẹ̀ lẹ́kún ní kékeré:

"Ẹnu ọmọ mi, ilé ẹ̀rín o,
Èjí ni ilẹ̀kùn rẹ̀."

Ọmọ bú sẹ́kún.

"Yèyé, èmi ni mo ń já a."

"Nítorí kí ni?"

"Èjí mi ti fẹ́ dí tán. Bí mo bá rẹ́rìn-ín nínú dígí, n ò rí Màmá mi mọ́."

Ayọ̀rìndé jókòó wọ̀ọ̀.

Ọdún tó kọjá la sin Monínúọlá, ìyá rẹ̀, ọmọ mi kan ṣoṣo.

"Dùnmí, a ó ní kí wọ́n yọ wáyà náà," bàbá rẹ̀ wí.

Mo bu ọbẹ̀ sórí iyán, mo fi ọwọ́ ara mi rọra bọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́ tí wáyà kò ti gún un.

Wọ́n yó, wọ́n gbalé lọ.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ náà bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín.

Monínúọlá ló kí mi pé ó dàárọ̀.