Bàtà Bọ́ọ̀lù Tí Lìádì Jókòó Lé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yín ju ẹgbẹ́ yín lọ, tí wọ́n wá fi ọmọ ọlọ́mọ sábẹ́ yín.

1.
Ní Lálúpọn, kí òmìnira tó dé, kò sí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù bíi Lìádì. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń gbá a, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ìgbà náà. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù sílé, aṣọ́lé a yà fún un. Ẹsẹ̀ Òkúta ni wọ́n ń pè é, orúkọ yìí sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀, tí kì í ṣe òkúta, kò gbé e mọ́, wọ́n fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Inú gbogbo ìlú dùn. Ta ló tún máa kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù bí kò ṣe Ẹsẹ̀ Òkúta? Ẹ dúró ná. Bí ọmọ kan bá bi í pé báwo lòun ṣe máa yí bọ́ọ̀lù, èsì kan náà ni: "Gbá a bí mo ṣe ń gbá a." Bí ọmọ náà bá tún béèrè, ìbínú dé nìyẹn.

2.
Jùbrílù, ọmọ Mùsílímátù àbúrò Lìádì, ló mọ̀ ọ́n gbá jù nínú àwọn ọmọ tí Lìádì ń kọ́. Ọ̀dọ̀ ìbátan bàbá rẹ̀ kan tó jẹ́ tíṣà ló ti dàgbà, kò sì pẹ́ tó padà wálé. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan ní Ìbàdàn gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ tí Lálúpọn bá pàdé Akínyẹlé, bí ó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, àwọn á mú un lọ. Mùsílímátù, tí èéfín gàrí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ojú rẹ̀ jẹ́, lọ ra bàtà bọ́ọ̀lù fún un, irú èyí tí wọ́n kan kókó awọ mọ́ nídìí.

Inú bí Lìádì. Lójú rẹ̀, bí ọmọ náà bá yege, bàtà ni wọn yóò yìn. Àwọn ọmọ kan tiẹ̀ ti ń sọ pé ayé ẹsẹ̀ lásán ti lọ, bí ẹni ń bú u ló sì rí létí rẹ̀.

3.
Lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Pápá di ẹrẹ̀. Àwọn Akínyẹlé jáde, gbogbo wọn wọ bàtà. Bí Jùbrílù ṣe fẹ́ so okùn tirẹ̀, Lìádì bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó lé e.

Mùsílímátù wá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní bàtà rẹ̀. Ọmọ yìí nìkan ni mo ní."

"Nígbà tí èmi ń gbá a, ta ló wọ bàtà fún mi?" ni Lìádì dá a lóhùn.

Eré bẹ̀rẹ̀. Jùbrílù yọ̀, ó dìde, ó tún yọ̀. Àwọn àlejò Ìbàdàn ń wò. Nígbà tí wọ́n sinmi, ọmọ náà wá dúró níwájú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ò gba òun dúró. Lìádì fẹ́ dìde lórí bàtà náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ń wò ó, ọ̀rọ̀ sì ti jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Padà sórí pápá," ló wí.

Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù bọ́ sítòsí òpó góòlù. Jùbrílù sáré sí i, ọmọkùnrin Akínyẹlé kan náà sáré sí i. Ẹni tó wọ bàtà tẹ ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ̀ mọ́lẹ̀. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o, ilẹ̀ ló yọ̀. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́ bí egungun ṣe dún.

Ìgbà yẹn ni Lìádì tó dìde. Bàtà náà wà lórí bẹ́ǹṣì, ó gbẹ, ó mọ́.

4.
Ọlọ́run yọ Jùbrílù, kò kú. Ṣùgbọ́n egbò tí bàtà yẹn dá sí i lẹ́sẹ̀ kẹ̀, wọ́n sì gé iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò ní ọsibítù. Àwọn ará Ìbàdàn kò padà wá mọ́.

Lìádì lọ wò ó. Nígbà tí ọmọ náà sùn lọ, ó di ẹsẹ̀ kejì mú, ó fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Sálúbàtà ni Jùbrílù ti ń wọ̀ lọ sílé ìwé láti kékeré. Lìádì wá wo tirẹ̀. Kùkùté oko kòkó àti òkúta gbígbóná ojú ọ̀nà ti sọ ọ́ di pátákó kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ bọ́ọ̀lù. Bàtà tó ti ń wọ̀ látọjọ́ yìí nìyẹn, òun ni kò mọ̀.

"Mi ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ rí," ló sọ fún Mùsílímátù. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ ò lè wò ó, ẹ̀gbọ́n mi," ni Mùsílímátù wí. "Tiyín lẹ̀ ń wò."

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbayì rí, tí ẹ wá di olùkọ́, ẹ ṣọ́ra. Ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe lè má jẹ́ ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ẹ wo ọmọ tó wà níwájú yín dáadáa kí ẹ tó rántí ara yín. Bí ẹ bá sì mọ ọ̀gá kan tí gbólóhùn rẹ̀ kò ju "bí èmi ṣe ṣe é nìyẹn" lọ, ẹ bá mi ka ìtàn yìí sí i létí. Ìka ò dọ́gba. Ẹni tó bá ní dandan ni kí wọ́n dọ́gba, gígé ni yóò gé òmíràn kúrò.