Ọwọ́ Oníbàárà

Ní etí ọ̀sà Bàrígà, bàámi ń fọwọ́ pa ọkọ̀ ojú omi tuntun lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Gẹdú, ọmọ igbó tó dọmọ omi! Hadassah, oníbàárà wa dà?"

"Ọ̀nà rẹ̀ jìn, bàámi. Ẹ jẹ́ n bá a gbà á."

"Rárá o! Ẹni tó lọkọ̀ ló ń gbọ́wọ́ lé e kí n tó gbàdúrà sí i. Àbí o ti gbàgbé, ọmọ kọ̀ǹpútà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo fi fóònù ya àwòrán ọkọ̀ kan tó gbẹ́ tẹ́lẹ̀ yíká. Ó rò pé fún ìrántí ni.

Mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ló ń gé irú rẹ̀ báyìí, òun sì ni àwọn apẹja ń rà.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Oníbàárà kan ṣoṣo ló kù fún bàámi, kò sì rí i rí.

"Jésù ò ní dójú ti oníbàárà wa. Ṣàmín!"

Mi ò lè ṣàmín. Mo gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀.

"Ọwọ́ ẹ kọ́, jàre! Ọwọ́ oníbàárà ni mo ní."

"Òun náà nìyí, bàámi."

Ó dijú láti gbàdúrà.

Àdúrà ò jáde.