Lẹ́tà Fádà láti Áílándì

Ọdún 1996. Mo dúró síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀, mò ń ka lẹ́tà tó dé láti Áílándì.

Ìlú bàbá mi nìyẹn, òyìnbó ni wọ́n. Màmá mi ní wọ́n ti kú kí n tó já lẹ́nu ọmú.

Ẹbí wọn ni mò ń wá. Fádà abúlé wọn ní ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ ìjọba ti jóná lọ́dún 1922, lòun bá tú àwọn ìwé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní bàbá mi ò tíì kú.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wá kọ orúkọ ọmọ wọn kan sínú ìwé Máàsì àwọn òkú. Ìyá ọmọ náà ló kọ̀wé sí wọn láti Ìbàdàn, lọ́dún 1964, pé ibà ti pa á.

Mo wọkọ̀ lọ sílé ní Bódìjà. Màmá ń ṣa ìrẹsì.

"Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí fún bàbá mi?"

"Ìwọ nìkan ni, Adétóún. Kí ló dé?"

Mo na lẹ́tà náà sí wọn. Wọn ò gbà á.

Adétóún lorúkọ tó wà nínú ìwé òkú.

Ibà kọ́ ló pa mí. Bírò màmá mi ni.