Ìyìn Ló Wa Ọkọ̀ Bàṣírù

Bàṣírù ará Ṣakí, bàbá Sodiqat tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe, fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ. Ọkọ̀ tó bá rún bí agolo, yóò lù ú títí yóò fi jọ tuntun, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá kan sáárá sí i, inú rẹ̀ kì í dùn. Ìwà yìí ló bayé rẹ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ó rí fídíò ọkọ̀ ìsáré àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan lórí fóònù. Irú rẹ̀ kò pọ̀ láyé, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ṣe ara rẹ̀. Ó bà mọ́lẹ̀ bí alángbá tó ń yáàrùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìyẹ́ àwòdì. Orí Bàṣírù wú. Ó fi han Abíọ́nà, mẹkáníìkì tí wọ́n jọ dàgbà.

"Abíọ́nà, a máa ṣe irú èyí ní Ṣakí níbí."

Abíọ́nà wò ó tán pátá. "Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ṣé o rí i pé ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi dán an wò kí wọ́n tó tà á?"

Bàṣírù kò wo ibẹ̀. Ibi tó ń dán ló ń wò.

Láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Abíọ́nà ń to ẹ́ńjìnnì, Bàṣírù ń lu irin. Nígbà tó kun ọkọ̀ náà ní pupa, àwọn èèyàn gun ọ̀kadà wá láti Ogbooro àti Ìgànná wá ya fọ́tò. "Òyìnbó Ṣakí!" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà sì ń pa á bí ọtí.

Lọ́jọ́ Iléyá, bí wọ́n ṣe kírun tán, èrò ya bo ṣọ́ọ̀bù. "Wà á ká rí i!"

Abíọ́nà sáré dé tòun ti agbádá ọdún. "Ọ̀rẹ́, dúró. Bíréèkì yìí ò tíì dá mi lójú."

"Ṣé kí gbogbo ayé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nígbà tí Abíọ́nà rí i pé kò ní gbọ́, ọkàn rẹ̀ kò gbà á kó jẹ́ kó dá nìkan lọ. Ó wọlé, ó jókòó tì í.

Ọkọ̀ gbéra, eruku sọ lálá. Bàṣírù ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ síwájú. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, agbo màlúù ń sọdá. Ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ ṣìn-ìn, ọkọ̀ kò dúró. Ó yà bàrá, ẹ̀gbẹ́ tí Abíọ́nà wà ló sì fi kọlu igi igbá.

Wọ́n sin Abíọ́nà kí oòrùn tó wọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Bàṣírù kán, ó jiná ní wíwọ́, kò lè di òòlù mú mọ́. Nígbà tó lè dìde, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ramlah, ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. 

Ramlah kò ṣépè. "Ó ní kẹ́ ẹ dúró," ló wí. "Ẹ ò bá ti dúró, Bàbá Sodiqat."

Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé lọ. Bàṣírù kò rí ẹni fà á dìde. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pésẹ̀, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Àwọn tó ń pè é ní Òyìnbó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, wọn kì í yà.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, kò sí èèwọ̀ nínú kí a rí ohun tó dára kí a sì fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹwà nìkan lojú ń rí, sùúrù tó gbé e ró kì í hàn. Ẹni tó ń hó yèè fún wa kì í bá wa jẹ ìyà. Ẹni tó ní ká dúró ló fẹ́ràn wa. Ká gbọ́ tirẹ̀ nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀.