Àwọn Àna Tó Wọ Aṣọ Akọrin

Ẹ má fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láìtíì kà á tán. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, kí ẹ lè mọ irú èérí tí èèyàn lè fi orúkọ àṣà bò mọ́lẹ̀.

1.
Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Àṣà. Òun ni ìjọba fi ṣe olórí ẹ̀ka tó ń kó akọrin lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ìjà ẹja ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin ilẹ̀ rẹ̀ àti ilẹ̀ tó wà lódìkejì òkun, wọ́n sì ti ju àwọn apẹja ilẹ̀ rẹ̀ sẹ́wọ̀n lọ́hùn-ún. Àwọn ìjọba méjèèjì sọ̀rọ̀ títí, ẹnu wọn ò kò.

Ó wá ku orin. Etíkun méjèèjì ló ní orin kan náà tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tí omi gbé lọ: apá kan á dá a, apá kejì á gbè é. Mínísítà ilẹ̀ òdìkejì òkun náà, obìnrin àgbàlagbà kan, ránṣẹ́ pé: “Ẹ kó akọrin yín wá gbe orin yìí fún wa. Lẹ́yìn náà, a ó jọ sọ̀rọ̀ àwọn apẹja.”

Opó kan tó jẹ́ aránṣọ ni olórí àwọn akọrin náà. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà nínú ẹ̀wọ̀n yẹn.

2.
“Àna mi,” ni ìyá ìyàwó Ọ̀gá Àṣà wí nínú pálọ̀ rẹ̀, “ilẹ̀ orí òkè yẹn ti di tiyín. Ẹ ṣáà bá wa mú àwọn ọmọ mi yìí dé òkèèrè.”

“Ṣé wọ́n mọ orin kọ, Mama?”

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ̀ wá láṣọ, àwa á máa la ẹnu. Kí ni àlejò mọ̀?”

Ọ̀gá Àṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹun lórí àṣà, kò sì fìgbà kan gbà pé ó ju aṣọ àti ariwo lọ.

Nígbà tí opó náà gbọ́ pé wọ́n ti yọ òun àti ẹgbẹ́ òun, ó wá kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì Ọ̀gá Àṣà.

“Ọ̀gá, ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ kọrin gbà.”

Ọ̀gá Àṣà ń fi igi ta eyín, kò gbójú sókè. “Mama, ẹ lọ sinmi. Ọjọ́ orí yín ò gba ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi àwọn aṣọ yẹn sílẹ̀.”

3.
Nígbà tó dọjọ́ náà, gbọ̀ngàn kún nílẹ̀ òdìkejì òkun; àwọn àna wà níwájú nínú aṣọ akọrin. Mínísítà dìde láìgbé gbohùngbohùn, ó dá orin náà. Omi ti gbé ẹ̀gbọ́n òun alára lọ rí. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó dákẹ́, ó ń retí ègbè.

Àwọn àna ń wo ara wọn lójú.

Àbúrò ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

“Ẹ gbè é!” Ọ̀gá Àṣà rọra jágbe mọ́ wọn.

“Kí la fẹ́ gbè? Ẹ̀yin kẹ̀, ẹ gbè é!” ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ fèsì.

Ọ̀gá Àṣà la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ wo olórí àṣà!

Mínísítà jókòó. “Ẹ fún wọn lóúnjẹ,” ló wí, “kí wọ́n máa lọ.”

Àwọn àna ò tilẹ̀ dúró jẹun tán. Wọ́n di ẹran mọ́wọ́, wọ́n ń yọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọ inú ìlú onílùú. Ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n bọ́ aṣọ tí opó náà fọwọ́ rán sí, lórí ilẹ̀ tó tutù fún ìtọ̀.

4.
Ìjíròrò parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn apẹja ṣì wà lẹ́wọ̀n. Ìjọba lé Ọ̀gá Àṣà. Nígbà tó béèrè ilẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀ ní, “Ilẹ̀ wo? Ọmọ mi tí ẹ kó lọ dà?”

Opó náà bá a níbi tó ti ń kó ẹrù jáde ní ọ́fíìsì.

“Ṣé lóòótọ́ ni pé ó dá orin náà, tí ẹnikẹ́ni ò gbè é?”

Ọkùnrin náà ń di ẹrù rẹ̀ lọ.

“Ká ní ẹ ti ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n,” ni opó náà wí. “Ọmọ mi ì bá gbè é.”

Ẹ̀yin tí wọ́n rán níṣẹ́ lórúkọ ìlú, ẹ gbọ́ o: àṣà kì í ṣe aṣọ ìyá yín tí ẹ lè pín fún àna. Òun ni ohùn tí àlejò fi ń mọ̀ bóyá èèyàn ni wá. Ẹ má tà á nítorí ilẹ̀, ẹ má fi ṣe ẹ̀bùn fún ẹbí. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.