Kúnbi Fi Ọ̀rọ̀ Sí Màmá Ajarat Lẹ́nu

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo ìtàn yìí. Ẹ kà á tán pátá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ ní yunifásítì.

1. Kúnbi ń kàwé fún oyè másítà nínú ìmọ̀ ìtàn. Inú ẹ́sítéètì kan ní Ìkòsì lòun àtàwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe tẹ Ajégúnlẹ̀ dó, àdúgbò tó wà létí odò nítòsí Owódé Onírin.

Dókítà Adéníkẹ́, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, sọ fún un pé, "Kò tíì sẹ́ni tó kọ ọ́ rí, Kúnbi. Lọ bá àwọn tó ṣojú wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí o kọ, kì í ṣe èyí tó wù ẹ́."

Wọ́n júwe Afeez fún un, tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12. Màmá rẹ̀, Màmá Ajarat, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀. Afeez ní, "Aunty, ẹ máa bọ̀. Ó ti pẹ́ tí màmá ti ń wá ẹni tó máa gbọ́ ìtàn náà."

2. Ọjọ́ tí Kúnbi máa lọ, omi ti gba ojú ọ̀nà. Ó yí mọ́tò padà. Ó sún ọjọ́ ìbẹ̀wò náà síwájú, ó tún sún un síwájú, títí àkókò tó yẹ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fi há. Ó wá sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Kí ni màmá yẹn fẹ́ sọ tí mi ò mọ̀?" Ló bá jókòó sí yàrá, ó kọ ọ̀rọ̀ tó wù ú, ó ní Màmá Ajarat ló sọ ọ́: "A ò ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A kàn bá a lófìfo ni, a sì dúró síbẹ̀."

Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn. Wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún ṣèlérí iṣẹ́ olùkọ́ fún un.

3. Ẹbí kan tó ń bá àwọn ará Ajégúnlẹ̀ du ilẹ̀ rí ìwé yìí. Wọ́n kà á sókè nípàdé àdúgbò. Wọ́n ní, "Ẹnu màmá yín fúnra wọn la ti gbọ́ ọ." Àwọn aládùúgbò kẹ̀yìn sí Màmá Ajarat. Wọ́n ní màmá ti ta àwọn. Àwọn tí wọ́n jọ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ò kí màmá mọ́.

Afeez pe Kúnbi. Kò pariwo. "Aunty, ìgbà wo lẹ wá sílé wa?"

Kúnbi lè yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà kó gbàgbé wọn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó la omi já dé ọ̀hún.

"Ìwọ ni Kúnbi?" Màmá wò ó títí. "Èmi àti ọkọ mi ra ilẹ̀ yìí. Gbogbo wa la rà á. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Kúnbi kúnlẹ̀. "Mo parọ́ mọ́ yín, mà. Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n ìta ni orúkọ mi ti bàjẹ́. Lọ sọ ọ́ níta."

4. Ó sọ ọ́. Ó dìde nípàdé àdúgbò, ó jẹ́wọ́. Àwọn aládùúgbò lọ bẹ màmá. Kúnbi jẹ́wọ́ fún Dókítà Adéníkẹ́ náà. Wọ́n fagi lé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ẹ̀bùn lọ, iṣẹ́ olùkọ́ lọ. Daddy rẹ̀ ní kó lọ kọ́ nǹkan mìíràn.

Ó ní, "Rárá, sà. Ibi tí mo ti bà á jẹ́ ni màá ti tún un ṣe."

Ó padà lọ bá Màmá Ajarat pé kí wọ́n wá sọ ìtàn náà fóun báyìí. Màmá mi orí. "Mi ò bá ẹ ṣọ̀tá, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ fẹ́ni tó ń kọ̀wé mọ́ láyé mi."

Kúnbi ò jáwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé lọ́dọ̀ àwọn àgbà yòókù. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àwọn kan ní kó wọlé. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá sọ, á kà á padà sí wọn létí: "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí, mà?" Iṣẹ́ náà ti ń lọ sópin. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ Màmá Ajarat wà ṣófo títí dòní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣèwádìí, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí ẹ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin òbí, tí ọmọ yín bá gba ẹ̀bùn, ẹ bi í níbi tó ti rí ohun tó kọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.